Ànjọ̀nú Tí Kì Í Pani

Èmi kì í tètè gba ènìyàn gbọ́. Ìfura loògùn àgbà, ìyá mi ló fi kọ́ mi. Nítorí náà, nígbà tí olùkọ́ tuntun kan tó wá láti òkè, ní ilẹ̀ gbígbẹ tó jìnnà sí odò, yọ dáìsì jáde nínú yàrá àwọn tíṣà ní Igbókòdá, tó ní ká wá ṣeré, mo kọ́kọ́ wò ó látòkè délẹ̀. Dáìsì ọ̀hún kì í ṣe ti lúdò, ogún ojú ni mo kà lára rẹ̀. Mo bi í bóyá ẹgbẹ́ kan ló rán an sí wa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀gbọ́n òun tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun ló fún òun, tòun tìwé tó ṣàlàyé eré náà.

Ìgbà ìjà inú odò ni, láàárín àwa àti àwọn aládùúgbò wa. Wọ́n ń jó abúlé wa, àwọn tiwa náà ń jó tiwọn, àwọn tó sá wá láti etí omi ló sì ń sùn nínú kíláàsì, kò sí ẹni tí a ó kọ́. Lọ́sàn-án, èmi, tíṣà yìí àti nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wọn máa ń jókòó, a ó máa ṣeré náà. Kò sí ọpọ́n. Oníkálukú dá jagunjagun tirẹ̀ sórí bébà, tíṣà ń sọ ohun tí a pàdé lọ́nà, a ń da dáìsì láti mọ̀ bóyá a ó là á já.

Ànjọ̀nú kan là ń bá jà. Mo rò pé yóò máa pa ènìyàn jẹ ni. Tíṣà ní rárá o, òkú kì í sunkún, ẹkún sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ńṣe ló ń fi ènìyàn sílẹ̀ láàyè kó lè máa rí nǹkan jẹ. Nígbàkígbà tí ìrora bá bá ọ̀kan nínú àwọn jagunjagun wa, tíṣà á fa ìlà kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ànjọ̀nú náà, agbára rẹ̀ á sì pọ̀ sí i. Bí o bá fi ìbínú ṣá a ládàá, ìbínú yẹn náà á di oúnjẹ. Èyí tó fẹ́ràn jù ni kí ọ̀rẹ́ méjì máa fi igun ojú wo ara wọn, ìlà mẹ́ta ló ń gbà lórí ìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ló ń febi pa á: kí ẹnì kan sọ ohun tó ń dùn ún, kí ẹnì kejì sì bá a gbé e. Nọ́ọ̀sì ní òun ò mọ̀ bóyá eré lèyí, nítorí ohun tí òun ń rí nínú kíláàsì lójoojúmọ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, tíṣà bi mí pé kí ni jagunjagun mi ń bẹ̀rù. Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní ó ń bẹ̀rù nítorí ìyá rẹ̀. Òótọ́ sì ni, nítorí ìyá tèmi kọ̀, kò bá wa wá sí Igbókòdá. Ó ní òun ò lè fi iṣẹ́ ẹja yíyan sílẹ̀. Ó wọ inú odò tóóró kan lọ lẹ́yìn abúlé Mólútẹ̀hìn, níbi tí koríko omi ti bo ẹnu ọ̀nà, tí àjèjì ò lè mọ̀ pé ọkọ̀ ń gbabẹ̀. Tíṣà gbé bébà fún mi pé kí n ya ìlú tí jagunjagun mi ti wá. Odò tí ọwọ́ mi mọ̀ náà ló yà. Mo ya ibi tí koríko yẹn wà, mo sì fi àmì sí ahéré ìyá mi. Ìgbà tí mo parí ni mo tó rí ohun tí mo ṣe. Ojú tì mí láti gba bébà náà padà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bébà ò sí lórí tábìlì, tíṣà náà ò sí. Mo bọ́ sí èbúté. Òun nìyẹn tó ń bá awakọ̀ kan tí n kò rí rí sọ̀rọ̀, tí wọ́n kẹ̀yìn sí ọ̀nà. Ta ló rán ọmọkùnrin yìí wá? Kí ló dé tó jẹ́ ohun tó ń bà wá lẹ́rù ló máa ń bèèrè? Páńsá ò fura, páńsá jáná! Èmi ọlọ́gbọ́n, n kò bi í ní nǹkan kan. Mo wá ará wa kan tó ń tu ọkọ̀ lọ sọ́nà Mólútẹ̀hìn, mo ní kó sọ fún ìyá mi pé àṣírí ibẹ̀ ti tú, kó kúrò lójú ẹsẹ̀, kó lọ bá ẹbí wa ní abúlé etí òkun.

Ọ̀sán ni mo tó ká tíṣà mọ́ ilé ẹ̀kọ́. Mo bi í níbo ni bébà mi wà.

"Mo ti jó o, Àǹtí," ló wí. "Mo rí i pé ibi gidi lẹ yà. Kò yẹ kó wà nílẹ̀ báyìí."

N kò gbà á gbọ́. Ó mú mi lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, ó fi eérú hàn mí. Etí kan bébà náà tí iná ò jó tán ṣì wà níbẹ̀, mo rí ìlà tí èmi fúnra mi fà. Awakọ̀ àárọ̀ yẹn ńkọ́? Ó ní ẹja lòun ń ná lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sáré padà sí èbúté, mo bẹ gbogbo ọlọ́kọ̀ kí wọ́n bá mi lọ dá ìyá mi dúró, kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ. Ẹyin lohùn.

Ọjọ́ kẹta tí ìyá mi dé abúlé etí òkun ni àwọn ọ̀tá jó abúlé náà.

Wọ́n gbé e wá fún wa ní Igbókòdá, iná ti bó ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ láti èjìká dé ìgbọ̀nwọ́. Ọwọ́ yẹn ò yí ẹja lórí iná mọ́ títí ayé. Ahéré rẹ̀ nínú odò tóóró, ẹnikẹ́ni ò débẹ̀. Ó wà lórí òpó rẹ̀ títí ìjà fi parí, tòun tapẹ̀rẹ̀ ẹja. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ lè sọ̀rọ̀, ó bi mí ta ló tú àṣírí òun.

"Tíṣà kan láti òkè ni," ni mo dá a lóhùn.

Mo ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ara mi títí dòní.

Lọ́sẹ̀ yẹn, tíṣà wá kí i ní kíláàsì, ó gbé búrẹ́dì àti mílíìkì dání. Ìyá mi kọjú sógiri. Ó ní kó gbé búrẹ́dì rẹ̀ lọ, pé òun ò lè jẹun lọ́wọ́ ẹni tó ta òun. Tíṣà wò mí. Bándéèjì ìyá mi wà lọ́wọ́ mi, mo tẹrí ba, mo ń wé e lọ. Tíṣà dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, ó ní, "Ẹ foríjì mí, Màmá," ó sì gbé búrẹ́dì rẹ̀ jáde.

Ọdún púpọ̀ ni ìyá mi tún lò láyé lẹ́yìn ìyẹn. N kò sọ òótọ́ náà fún un.