Ìbò Tí Màmá Mi Fi Takò Mí

Ó dìgbà o, Màmá mi. Ó di kí n máa bá àwòrán yín sọ̀rọ̀. Alága tí kì í fi àga ṣe ti ọmọ, ikú mú yín ní ọjọ́rú, kò jẹ́ kí ẹ dúró de ìpàdé Sátidé. Àga yín ṣófo nínú gbọ̀ngàn wa ní Broughton, ó ṣófo nínú ilé, ó sì ṣófo nínú àyà mi.

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn láti Rochdale, láti Stockport, àti láti ilé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láyè. Manchester ni wọ́n bí mi sí, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi dàgbà. Yorùbá tí mo fi ń kọ èyí, mo ti bàlágà kí n tó lọ kọ́ ọ. Ìbò kan ló fà á, ìbò náà ni mo sì fẹ́ fi ṣe ìdágbére fún ìyá mi.

Màmá, kí ẹ tó máa ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ọsibítù, kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa tó fi yín jẹ alága, akẹ́kọ̀ọ́ ni yín ní Bangalore, ní ilẹ̀ Íńdíà. Bàbá yín ló rán yín lọ síbẹ̀ láti kọ́ nípa ètò ìṣèlú. Ẹ kúrò ní ìlú náà, àmọ́ ìlú náà kò kúrò lára yín. Àwọn ìyá mìíràn a máa pa àlọ́ fún ọmọ wọn. Ní tiyín, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Karnataka, tí Bangalore jẹ́ olú ìlú rẹ̀, ni àlọ́ wa.

Ẹ sọ fún wa pé kí òyìnbó tó kúrò ní Íńdíà, ọba Mysore, ilẹ̀ tó padà di Karnataka, pe àwọn aṣojú ìlú jọ. Wọ́n ń wá lọ́dọọdún, wọ́n ń gbọ́ ohun tí ìjọba ṣe, wọ́n ń sọ ẹ̀dùn ọkàn wọn, wọ́n sì ń padà sílé. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ní, wọn kò ní àṣẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni àṣẹ fi dé ọwọ́ wọn. Lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí wọ́n kó àwọn tó ń sọ èdè Kannada jọ sínú ìpínlẹ̀ kan, ilé náà fẹ̀. Ó wá di àga igba ó lé mẹ́rìnlélógún tí ará ìlú ń dìbò sí. Wọ́n ya àwọn àga kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn tí aráyé ti ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ayébáyé. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, àga kan ṣoṣo kù tí ẹnikẹ́ni kì í dìbò sí. Gómìnà ló ń yan ẹni tó máa jókòó síbẹ̀.

Àga kan yẹn lẹ fẹ́ràn jù. Àǹtí Dorothy, onílé yín ní Bangalore, wà lára àwọn tí wọ́n ṣe é fún: àwọn tí baba-ńlá wọn jẹ́ òyìnbó, tí ìyá-ńlá wọn jẹ́ ará Íńdíà. Wọ́n kéré, wọ́n sì fọ́n ká, kò sí àdúgbò tí wọ́n ti pọ̀ tó láti wọlé ìbò. Ẹ ní Àǹtí Dorothy a máa sọ pé, "Òyìnbó ní a kì í ṣe tiwọn. Ará ibí náà ní a kì í ṣe tiwọn. Àmọ́ ẹ lọ wo inú ilé yẹn, ẹ ó bá ẹni wa kan níbẹ̀."

Àwòrán ilé aṣòfin náà, ilé olókùúta ràgàjì, ni ẹ fi kọ́ sí pálọ̀ wa. Wọ́n kọ ọ́ sí iwájú rẹ̀ pé iṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Pásítọ̀ bi yín nígbà kan pé ibo nínú Bíbélì nìyẹn wà. Ẹ ní, "Kò sí nínú Bíbélì, Pásítọ̀. Àmọ́ Bíbélì ò bá a jà." Ní ọdún 2008, nígbà tí wọ́n tún ẹkùn ìdìbò pín ní Karnataka tí wọ́n sì dìbò, ẹ kò bọ́ kóòtù iṣẹ́ kí ẹ tó jókòó ti kọ̀ǹpútà láti wo èsì ìbò.

Nínú ilé wa, a kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wa lẹ́nu. Bí èmi àti Fẹ́mi, àbúrò mi, bá ń jà nítorí rìmóòtù, ẹ ó ní, "Ẹ bá alága sọ̀rọ̀." Fẹ́mi á ní, "Madam Alága, ẹ bá mi sọ fún ọmọ ẹgbẹ́ tó jókòó sọ́hùn-ún yẹn pé orí rẹ̀ ò pé." Ẹ ó ní, "Àlùfàǹṣá nìyẹn. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀." A ó bú sẹ́rìn-ín, tẹlifíṣọ̀n á sì wà ní pípa.

Òfin yín kan wà tí mo mọ̀ kí n tó mọ àdúrà Olúwa: alága kì í dìbò, àyàfi tí ìbò bá dọ́gba. Tó bá sì dọ́gba, kó dìbò kí nǹkan wà bó ṣe wà, torí pé kò yẹ kí ẹnì kan ṣoṣo yí òfin padà lé gbogbo ènìyàn lórí.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún nígbà tí òfin yẹn bá mi. Dádì ti ṣaláìsí. Orúkọ yín nìkan ló kù láti ilé wa nínú ìwé ẹgbẹ́, torí pé ẹni tí wọ́n bí sí ilé nìkan ló lè wọ ẹgbẹ́. Bí ẹ bá lọ, ilé wa parẹ́ nìyẹn. Èmi àti Fẹ́mi á di àlejò láàárín àwọn tó tọ́ wa dàgbà. Mo lọ bá Àǹtí Bísí, akọ̀wé ẹgbẹ́, ó sì gbé àbá náà wá sí ìpàdé: kí ọmọ tí wọ́n bí síbí di ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ti pé ọdún méjìdínlógún, kó sì ní ìbò.

Bàbá Kúnlé, igbákejì yín, ló kọ́kọ́ dìde. "Ọmọ tó ń kí mi ní 'hiya' láàárọ̀, ṣé òun ló máa bá mi dìbò lórí ọ̀rọ̀ ìlú? Tí ẹ bá já a sílẹ̀ ní Ṣàgámù, ṣé ó máa mọ apá ibi tí ilé baba rẹ̀ wà?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

Àǹtí Bísí ní, "Bàbá Kúnlé, ta ló bí wọn? Ṣé ọkọ̀ tram ìgboro ló bí wọn ni?" Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn bọ́ sí ọ̀tún, kí àwọn tó takò ó bọ́ sí òsì. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, torí pé n kò ní ìbò. Mẹ́tàlá wà lọ́tùn-ún. Mẹ́tàlá wà lósì. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ yín. Ẹ bọ́ awò ojú yín, ẹ nù ún, ẹ tún un wọ̀. Ẹ wo ojú mi kòrókòró.

Ẹ ní, "Ìbò dọ́gba. Alága dìbò kí òfin wà bó ṣe wà."

Nínú bọ́ọ̀sì alájà méjì, ìsàlẹ̀ lẹ jókòó sí, èmi gun òkè. Nígbà tí a délé, mo ní, "Màmá, ọmọ yín ni mí."

Ẹ ní, "Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gbé ọ wọlé. Tí mo bá fi ọwọ́ ara mi fi ọ́ síbẹ̀, títí ayé ni wọ́n á máa sọ pé ọwọ́ ìyá rẹ lo bá wọlé. Lọ wá ẹnì kan sí i."

Mo kó ẹrù mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi ní Rochdale. Oṣù mẹ́jọ ni n kò fi bá yín sọ̀rọ̀. Ìgbà yẹn ni mo lọ forúkọ sílẹ̀ láti kọ́ Yorùbá, ìbínú ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n débi tí n ó fi lè bú Bàbá Kúnlé bó ṣe yẹ. Ìgbà tí mo fi mọ̀ ọ́n débẹ̀, mo ti mọ̀ pé a kì í bú àgbà.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹ dá àbá tiyín: kí ẹgbẹ́ fi àga kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí, kí alága yan ẹnì kan síbẹ̀, bíi ti àwọn èèyàn Àǹtí Dorothy. Àwọn àgbà gbà, àmọ́ wọ́n ní ọ̀rọ̀ nìkan ni ẹni náà lè sọ, kò gbọdọ̀ dìbò. Ẹ ní kí àwa ọmọ mú ẹni tí a fẹ́ wá, àwọn ọmọ yòókù sì mú mi. Mo pè yín lórí fóònù, mo ní kí ni n ó fi ọ̀rọ̀ láìsí ìbò ṣe. Ẹ ní, "Ibẹ̀ náà ni àwọn ará Mysore ti bẹ̀rẹ̀. Wá jókòó."

Ọdún mẹ́rin ni mo fi jókòó. Mo ń kúnlẹ̀ kí wọn, mo ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń mi orí. N kò rí ẹnì kan ṣoṣo tó yí ìbò rẹ̀ padà.

Sátidé tí àbá Àǹtí Bísí, pé kí àwa ọmọ ní ìbò, ń padà bọ̀ ni ikú yín ṣíwájú. Bàbá Kúnlé pè mí. "Ìbídùn, ká sún ọ̀rọ̀ yìí síwájú. Òkú ṣì wà nílẹ̀."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, Màmá kì í sún ìpàdé."

Ó ní, "Òótọ́ ni."

Òun ló jókòó sórí àga yín lọ́jọ́ náà. Wọ́n pín sí ọ̀tún àti òsì. Mẹ́tàlá wà lọ́tùn-ún. Mo ka apá òsì lẹ́ẹ̀mejì: méjìlá. Ìgbà náà ni gbogbo wa tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni kẹtàlá wọn wà lórí àga. Tó bá dìde, ìbò á dọ́gba. Tí ìbò bá sì dọ́gba, àbá náà kú.

Ẹnì kan láti apá òsì ní, "Bàbá Kúnlé, ẹ dìde jàre. Ẹ wá bá wa dúró. Ta ló máa mú yín?"

Ó di apá àga mú. Mo rí i tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń yí lábẹ́ tábìlì. N kò gbàdúrà, torí pé n kò mọ èdè tí mo fẹ́ fi gbà á.

Ó ní, "Alága kì í dìbò àyàfi tó bá dọ́gba. Kò dọ́gba." Lẹ́yìn náà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹni tó ni àga yìí kò fi ṣe ti ọmọ tó bí. Ojú wo ni n ó fi ṣe tèmi? Bísí, kọ orúkọ àwọn ọmọ."

Wọ́n ti kọ wá, Màmá. Fẹ́mi náà wà níbẹ̀.

Oṣù mẹ́jọ yẹn ń dùn mí. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sunday lẹ fi ń pè mí, mo ń wo fóònù tó ń dún, n kò gbé e. Ní Sunday tó kọjá, mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ foríjì mí.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ mi ju bí mo ṣe mọ̀ lọ, obìnrin olódodo, ẹ máa lọ ní àlàáfíà. Ẹ kí Dádì. Sùn re o, ìyá mi. Sùn re lọ́dọ̀ Olúwa.

Ìbídùn, ọmọ yín