Ẹniọlá àti Ẹran Inú Abọ́ Bàbá

Ẹniọlá kì í pariwo. Àwọn arúgbó ló ń tọ́jú níbi iṣẹ́. Ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń fún wọn lóúnjẹ. Láàárọ̀ kùtù, snow ì báà ga dé orúnkún, á ti wọ train ní ibùdókọ̀ Whitehorn, nítòsí ilé. Bó bá sì padà sílé ní Rundle, àdúgbò tí wọ́n ń gbé nílùú òyìnbó, arúgbó mìíràn ń dúró dè é: Bàbá Akínlabí, bàbá ọkọ rẹ̀.

Wẹ́dà ni Bàbá ní Warri fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Èéfín irin ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Bó bá ti ẹsẹ̀ bọ bàtà tán, á sinmi ná kó tó so okùn rẹ̀.

Lọ́dún 2015, owó epo já wálẹ̀. Adésọjí, ọkọ Ẹniọlá, tó ń ya àwòrán páìpù fún ilé iṣẹ́ epo, wà lára àwọn tí wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ẹniọlá kò bú u lọ́jọ́ kan. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹran sínú ìkòkò ni: ẹyọ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, méjì fún Bàbá.

Bàbá ló ń rù jù. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n ní kílíníìkì ní January, kílò mọ́kàndínláàádọ́ta ni. Níkẹ́, ọmọ Ìbàdàn tó ń rí sí oúnjẹ aláìsàn níbẹ̀, bá a sọ̀rọ̀.

"Bàbá, mímí tí ẹ̀ ń mí yìí, iṣẹ́ ni fún yín, bí ẹni ń kọ ebè. Òun ló ń jẹ yín lẹ́ran ara. Ẹran, ẹja, ẹyin, ẹ̀wà, ẹ má fi wọ́n ṣeré. Ẹ má sì jẹ ẹ̀bà ràbàtà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ikùn tó bá kún kì í jẹ́ kí èémí ráyè. Díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹfà lójúmọ́."

"Lẹ́ẹ̀mẹfà? Ṣé ọmọ ọwọ́ ni mí ni?"

Níkẹ́ fa Ẹniọlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n bá tún rù sí i, òtútù kékeré kan ló máa gbé wọn lọ. Ẹ mú wọn padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Abọ́ Bàbá ń mọ́ fónífóní, Bàbá ń gbẹ. Òṣùwọ̀n ilé sọ pé méjìdínláàádọ́ta. Ẹ̀rù ba Ẹniọlá.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ó bu ẹja fún Ayọ̀mídé, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà.

"Mummy, I'm full."

"Kí lo jẹ?"

"Grandpa's chicken. He always gives me. He gives Daddy too, when you're at work."

Ẹniọlá wo ọkọ rẹ̀. Adésọjí wolẹ̀.

"Wọ́n ní kí n gbà á ni. Ta ni mo jẹ́ tí màá dá ẹran padà sínú abọ́ bàbá mi?"

Bàbá kò tilẹ̀ sẹ́. "Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Ọmọ mi kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ṣé kí n wá jókòó sílé rẹ̀ kí n máa jẹ ẹran méjì?"

Ìyàwó wo ló máa pàṣẹ fún bàbá ọkọ pé kó gbé ẹran sẹ́nu? Ẹniọlá kúnlẹ̀, ó ní, "Mo ti gbọ́, sà," ó sì palẹ̀ abọ́ mọ́. Gbogbo wọn rò pé ó tán.

Kò tán. Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó yọ eegun kúrò lára adìẹ, ó fi bílẹ́ńdà lọ̀ ọ́ kúnná, ó dà á sínú ọbẹ̀ ewúro. Ó fọ́ ẹyin àti ẹja mọ́ mọ́ínmọ́ín, ó sì da òróró sí i dáadáa. Ó po ẹ̀pà lílọ̀ àti mílíìkì mọ́ ògì. Abọ́ kéékèèké mẹ́fà, ó kọ aago sórí ìdérí kọ̀ọ̀kan.

Bàbá fi ṣíbí wá inú abọ́ títí. "Ìyàwó, ọbẹ̀ yìí kò lẹ́ran."

"Ó lẹ́ran, sà."

"Níbo ló wà?"

"Gbogbo rẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ kàn ò ní rí i yọ fún ẹnikẹ́ni ni."

Ẹ̀rín gba ẹnu Adésọjí. Bàbá ti abọ́ náà sọ́dọ̀ Ayọ̀mídé. Ọmọ náà gbóòórùn rẹ̀, ó fà sẹ́yìn. "Eww. Bitter leaf."

Ẹniọlá ló mọ ìdí tó fi jẹ́ ewúro ló sè.

"Ọgbọ́n rẹ ti pọ̀ jù," ni Bàbá wí. Ó jẹun.

Kò rọrùn o. Lọ́jọ́ mìíràn, ṣíbí mẹ́ta, èémí á ti tán. Wọ́n á dúró, wọ́n á tún gbé e kaná. Bàbá ń kùn, Ẹniọlá ń gbé abọ́ wá.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ pé, òṣùwọ̀n kílíníìkì sọ pé àádọ́ta kílò, ó lé díẹ̀. Níkẹ́ pàtẹ́wọ́. Ó ní ẹ̀dọ̀fóró kò ní padà di tuntun, ṣùgbọ́n ara ti lágbára tí yóò fi bá òtútù jà.

Nínú train, Bàbá ń wo Ẹniọlá. Ó wò ó pẹ́.

"Ìwọ náà ti rù. Ta ló ń jẹ ẹran tìrẹ?"

"Mò ń jẹun, sà."

"Irọ́."

Bí wọ́n ṣe wọlé, Bàbá kò tíì mí tán tó fi pe Adésọjí. "Gbé bílẹ́ńdà jáde. Abọ́ méjì la ó lọ̀ lónìí, tèmi àti ti ìyàwó rẹ."