Mo Tẹ̀lé Jákẹ́ẹ̀tì Funfun Lọ sí Ilé Aró ní Ítálì

Síìpù kóòtù ọmọ ilé-ìwé kan ni mo ń tú ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún aṣọ ṣe ní Rye Lane, ní Peckham, ní London, nígbà tí fóònù mi dún. Mo fi èjìká há a mọ́ etí, abẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi.

"Ọjọ́bọ̀ la máa ri jákẹ́ẹ̀tì rẹ sínú aró," ni Mirella wí. "Wá fojú ara rẹ rí i. A ti san owó ọkọ̀ òfurufú."

Mirella ló ń ya bátànì aṣọ ọkùnrin fún ilé iṣẹ́ kékeré kan nítòsí Modena, ní Ítálì: àwọn jákẹ́ẹ̀tì eré ìdárayá tí wọ́n wo ti ṣójà ṣe, alápò ńláńlá, tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò wa ń febi panú kí wọ́n tó lè rà. Nígbà kan tó wá sí London, ó gbé ọ̀kan tó fàya wá fún mi láti tún ṣe. Nígbà tó padà wá gbà á, ó wá ojú àbùlẹ̀ náà títí, kò rí i. Ló bá gbé aṣọ jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti gé sílẹ̀ fún mi, tòun ti òwú ìránṣọ rẹ̀, pé kí n rán an wò. Gbogbo rẹ̀ funfun báláú. Bó bá dára, èmi ni yóò máa rán àwọn aṣọ àkọ́rán wọn, nínú ilé mi. N ó jáwọ́ nínú ọ́fíìsì tí mo ń nù ní ìdájí kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù, Fàrídà ọmọ mi, ọmọ ọdún márùn-ún, yóò sì máa jí lórí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mo ń wá. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìpè yẹn ni mo ti fi jákẹ́ẹ̀tì náà ránṣẹ́.

Aago mẹ́rin kò tíì lù lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ tí mo fi gbé Fàrídà tó ń sùn lọ bá Mummy Kúdí, aládùúgbò wa, bí mo ti máa ń ṣe.

"Nítorí jákẹ́ẹ̀tì?" ni wọ́n wí bí wọ́n ti ń gbà á. "Ṣé aró ti tán ní Deptford níbí ni?"

"Ẹ bá mi ṣàdúà, Mummy."

"Mo ti ń ṣe é. Má jẹ ìjẹkújẹ."

Reluwé gbé mi láti Peckham Rye dé London Bridge, òmíràn gbé mi dé pápákọ̀ òfurufú Gatwick. Níbẹ̀ ni mo ti kírun Àsùbá nínú yàrá àdúà kékeré kan, ìgbà tí mo sì máa fi la ojú dáadáa, ìkúùkuu ti wà lábẹ́ mi bí òwú tí ẹnì kan gbọ̀n sílẹ̀. Wákàtí méjì péré, a balẹ̀ ní Bologna.

Awakọ̀ tí wọ́n rán wá pàdé mi jẹ́ ará Senegal, Modou lorúkọ rẹ̀. Salámù ló fi kí mi, ara sì tù mí. Ọ̀nà wọn tẹ́jú bí àwo. Kùrukùru bo oko lọ́tùn-ún lósì, àwọn igi tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ń yọjú, wọ́n tún ń wọ inú rẹ̀ lọ. Modou ní nebbia ni wọ́n ń pe kùrukùru náà, pé láti ìgbà tí òjò bá ti dẹ̀ ni yóò ti máa bá wọn gbé bí àlejò tí kò mọ ilé rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tó yẹ kí o mọ̀," ló wí. "Maiale. Ẹlẹ́dẹ̀ nìyẹn. Ohunkóhun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ níbí, bi wọ́n: maiale? Kó o tó lanu."

"Bí mi ò bá bi wọ́n ńkọ́?"

"Wàá gbádùn rẹ̀. Ìyẹn gan-an ni ìṣòro ibẹ̀."

A dúró mu kọfí lójú ọ̀nà. Orí ìdúró ni wọ́n ti ń mu ún, ife rẹ̀ kò ju ìka àtàǹpàkò lọ, yúrò kan àti ogún sẹ́ǹtì. Ní Peckham, ó lé ní pọ́n-ùn mẹ́ta, o sì lè jókòó tì í di ọ̀sán.

Mirella ló kọ́kọ́ mú mi wọ yàrá àwọn aṣọ àtijọ́. Bóyá nítorí pé mi ò sùn ni, ńṣe ló dà bí ẹni pé mò ń lálàá. Kóòtù ṣójà oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ló kún ibẹ̀ dé òrùlé, wọ́n so wọ́n rọ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò lórí, tó ń dúró de ẹni tí yóò ní kí wọ́n jókòó. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n máa ń tú lójú rírán láti kọ́ ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ó fi àpò kan hàn mí, ó ní máàpù ni ṣójà ń kì sí i. Mo ní lọ́dọ̀ wa, adìyẹ díndín ni wọ́n ń kì sí i.

"Gbé e wọ̀," ló wí, ó na ọ̀kan aláwọ̀ ewé àti amọ̀ sí mi.

Mo kọ́kọ́ bojú wo ẹnu ọ̀nà. Ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti bí mi, ẹni tí kì í ṣe ṣójà tó bá wọ irú aṣọ yẹn, ìgbátí ni wọ́n fi ń kí i. Mo wọ̀ ọ́ ṣá. Ó wúwo, ó móoru, ó ń rùn bí àpótí ìyá àgbà.

Lẹ́yìn náà ló gbé aṣọ tuntun kan jáde, tó dúdú bí igbó, ó ní kí n gbé ọwọ́ lé e. Nígbà tí mo gbé ọwọ́ kúrò, àtẹ́lẹwọ́ mi kù síbẹ̀, pupa rẹ́súrẹ́sú, tòun ti ìka márààrún, ó sì ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ooru ara ló ń pa àwọ̀ rẹ̀ dà. Mo tún gbé ọwọ́ lé e. Fàrídà ì bá ti fi ọwọ́ bò ó látòkè délẹ̀.

Lọ́sàn-án, wọ́n gbé ohun kan wá tó jọ pọfupọ́ọ̀fù, tó wú, tó gbóná. Mo ti mú un kí n tó rántí. "Maiale?" Mirella ronú, ó ní kò sí i nínú rẹ̀, ọ̀rá rẹ̀ ni wọ́n fi dín in. Mo gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Elégédé tí wọ́n fi ìyẹ̀fun wé ni mo jẹ, ó dùn bí ẹ̀kọ oníṣúgà.

Ilé aró ló kù. Bàbá Aldo ló ń darí ibẹ̀, àgbàlagbà tí èékánná wọn dúdú bí èlú. Ẹ̀rọ wọn dà bíi ti ìfọṣọ, ṣùgbọ́n ó tóbi tó ilé ìdáná mi, ó sì ní fèrèsé roboto. Lọ́dọ̀ tiwa, a ń rẹ aṣọ láró kí télọ̀ tó gé e. Àwọn ń rán an tán pátápátá, kí wọ́n tó rì í. Aṣọ òwú tó jẹ́ ara jákẹ́ẹ̀tì àti náílọ́ọ̀nù ọrùn rẹ̀ kì í mu aró bákan náà, nítorí náà ìkòkò kan ń bí àwọ̀ ewé méjì. Ooru omi gbígbóná bo gbogbo wa. Mo ń wo jákẹ́ẹ̀tì mi tó ń yí, tó ń nawọ́, tó ń káwọ́ nínú omi aláwọ̀ ewé bí ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ lójú oorun.

Bàbá Aldo sọ̀rọ̀, Mirella túmọ̀ rẹ̀: "Wọ́n ní ohun tí a bá fi poliẹ́sítà ṣe kò ní mu aró yìí. Funfun ló máa wà."

Mo rántí òwú tèmi. Òwú ìránṣọ tí Mirella fún mi, tí kì í ṣe poliẹ́sítà, tán nígbà tó ku apá òsì. Mo wo àpótí òwú mi, mo rí òwú funfun poliẹ́sítà, mo fi parí rẹ̀. Ohun tí gbogbo télọ̀ tí mo mọ̀ ń ṣe nìyẹn: bí àwọ̀ bá ti bára mu, iṣẹ́ ń lọ. Ó rọrùn fún mi láti panu mọ́ kí n sì ya ẹnu bí ẹni tí kò mọ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ bá ṣí. Mo rò ó wò, kí n má purọ́.

"Mirella," mo ní, "òwú apá òsì ò ní mu aró. Èyí tí o fún mi tán, mo fi tèmi parí rẹ̀."

Ó yíjú sí mi. "Kí ló dé tí o ò pè mí?"

"Ojú ló tì mí. Mo rò pé wàá ní mo fi òwú ṣòfò."

Wọ́n fa jákẹ́ẹ̀tì jáde, ó ń kán tótó. Ara rẹ̀ dúdú bí ewé lẹ́yìn òjò, ọrùn rẹ̀ kò dúdú tó bẹ́ẹ̀, ìránṣọ rẹ̀ rì mọ́ ọn. Apá òsì nìkan ni ìlà funfun rìn yí ká bí ọ̀nà eèrà. Bàbá Aldo fi ìka tọ ìlà náà láti èjìká dé ọrùn ọwọ́, wọ́n sọ nǹkan kan.

"Wọ́n ní kò wọ́ rárá," ni Mirella wí. Kò rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n mi ò lè fún ọ níṣẹ́ náà lórí eléyìí. N ó fi òmíràn ránṣẹ́, pẹ̀lú òwú púpọ̀. Bó bá tán, wàá pè mí?"

"N ó pè ọ́."

Nílé Mirella ni mo sùn, oorun ọ̀hún kò sì pọ̀. Lọ́jọ́ kejì, kùrukùru ṣì wà níbi tí mo bá a. Mò ń tún un rò nínú ọkọ̀ òfurufú pé òwú tó tán kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹnu tí mo pa mọ́ ló ná mi ní iṣẹ́ náà.

Lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́ ni mo kan ilẹ̀kùn Mummy Kúdí. Fàrídà fò mọ́ mi.

"Mummy, ṣé o rí job yẹn gbà?"

"Mi ò tíì rí i gbà. Mo ṣe àṣìṣe níbì kan, mi ò sì tètè sọ."

"Ṣé wọ́n shout at you?"

"Rárá. Wọ́n ní kí n tún un rán."

Ó ronú sí i. "All of it? Láti ìbẹ̀rẹ̀?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀," mo ní. "Lọ́la, ìwọ ni wàá bá mi fi òwú bọ abẹ́rẹ́."