Bó Ṣe Wà Ni Kẹ́ Ẹ Gbé E Wá

Má-rún-un ni àwọn ará àdúgbò ń pe àbúrò mi, nítorí bí ó bá ti ń gbé aṣọ lé oníbàárà lọ́wọ́ báyìí, ohun tí yóò pariwo náà nìyẹn: "Má rún un o!" Alágbàfọ̀ ni. Ìdúró ìdí tábìlì áyọ́ọ̀nù ti jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mò ń bá a ká aṣọ, torí kò sẹ́lòmíì tó lè gba ẹnu rẹ̀ mọ́ra.

Òun ló ń fọ aṣọ funfun tí ṣọ́ọ̀ṣì wa fi ń ṣèrìbọmi. Yóò fọ̀ wọ́n, yóò lọ̀ wọ́n, yóò gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, yóò sì yí padà. Bí pásítọ̀ bá ní kí òun náà wá ṣèrìbọmi, á ní, "Ẹ jẹ́ n tún ara mi ṣe ná." Ó tún ara ṣe títí ó fi hewú. Ọ̀rọ̀ náà sú mi pátápátá.

Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Èmi mọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Òun àti Màmá wa jà lórí ilé tí Bàbá fi sílẹ̀. Nígbà tí àìsàn dá Màmá gúnlẹ̀, wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ó ní inú òun ò tíì rọ̀. Nígbà tó máa fi dé, a ti fi aṣọ bo Màmá lójú. Láti ìgbà yẹn ló ti jáwọ́ nínú ọtí, tó ń gbààwẹ̀ títí ikọ́ fi wọ̀ ọ́ lára. Síbẹ̀, kò mọ́ lójú ara rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ oníbàárà wa kan ṣubú, ẹ̀jẹ̀ ta sí ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ kó tó gbé e wá, àbàwọ́n náà sì ti mú aṣọ pinpin. Ni Má-rún-un bá fa ìbínú yọ.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́? Omi gbígbóná kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kúrò láṣọ mọ́!"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ojú ló ń tì mí láti gbé e wá bẹ́ẹ̀."

"Ojú tì yín ṣe kí ni? Bó ṣe wà ni kẹ́ ẹ gbé e wá! Kí wá niṣẹ́ tèmi?"

Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, mo gbé aṣọ ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí, mi ò lágbára ọ̀rọ̀ gígùn.

"Àbúrò mi, ṣó o gbọ́ ohun tó o sọ?"

Ẹyin lọ̀rọ̀, tirẹ̀ ti balẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí.

"Tèmi yàtọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Màmá pè mí, mi ò lọ."

"Èmi ni wọ́n rán sí ẹ. Ṣé wọ́n ní kó o kọ́kọ́ dáa ni? Wọ́n ní kó o ṣáà máa bọ̀."



Ní ọjọ́ ìsinmi, ó gbé aṣọ dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kò yí padà. Ó wọlé tòun ti ẹ̀wù iṣẹ́ tí áyọ́ọ̀nù ti jó láyà.

"Ṣé ẹ ti ṣetán, Bàbá?" Pásítọ̀ ló béèrè.

"Rárá o. Ó ti rẹ̀ mí ni."

Pásítọ̀ ò bi í ní nǹkan míì. Ó dì í mú, ó rì í bọ omi. Nígbà tó jáde, ó ń wúkọ́, ó ń sunkún, ó ń pe Màmá. Mo fa ọ̀kan yọ nínú aṣọ funfun tó lọ̀ fúnra rẹ̀, mo fi wé e, mo sì dì mọ́ ọn gbágbágbá. Aṣọ náà rún wómúwómú láàárín àwa méjèèjì. Ó wo aṣọ náà, kò pariwo "Má rún un" rárá.