Ẹni Tó Ń Wẹ Òkú ní Mọ́sálásí Wa

Tí ọkùnrin kan bá kú láàárín àwa ará mọ́sálásí ní Abúlé Òkúta, bàbá kan wà tí wọ́n ń pè láti wẹ̀ ẹ́. Á máa bá òkú sọ̀rọ̀ bí ẹni ń wẹ ìkókó: "Ẹ rọra o, omi yìí ò tutù." Òun ló kọ́ mi níṣẹ́ náà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pa, kò wọlé wẹ̀ ẹ́. Ó ní ọwọ́ ń dun òun. Èmi ni mo wẹ òkú náà.

Àwọn ọlọ́pàá mú un, pé òun ló bẹ àwọn apànìyàn lọ́wẹ̀ nítorí ilé bàbá wọn. Òun ló fi fóònù pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní oúnjẹ sàárà ni òun pè é wá jẹ. Wọ́n tú u sílẹ̀ nígbà tí wọn ò rí ẹ̀rí mìíràn.

Opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi mí pé, "Àáfà, ẹni tó ń wẹ òkú àjèjì, kí ló ń bà á lẹ́rù lára ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀?"

"Àlájà, ìbànújẹ́ lè de èèyàn lọ́wọ́."

"Kò dè é lọ́wọ́ nídìí àwo ẹran sàárà tí a ṣe fún ọkọ mi."

Wọ́n kọ́ mi nílé-kéwú pé kí n má fi ìfura dájọ́. Nígbà tí bàbá tèmi kú, ọkùnrin náà dé kí n tó ránṣẹ́ pè é, ó mú òwú dání.

"Ọmọ mi, ṣé kí n wọlé?"

"Ẹ ṣeun, Bàbá. A ti pé."

Ó wo inú yàrá, ó rí i pé èmi nìkan ni mo dúró ti òkú. Ó gbé òwú náà lé mi lọ́wọ́, ó lọ jókòó síta.