Ìwé Ìbí Lafiatou

Ẹni tó bá fẹ́ bú Silifatou, kó kọ́kọ́ jókòó. Ọkọ rẹ̀ lọ sí Gàbọ́ọ̀nù, kò bojú wẹ̀yìn, ló bá padà sílé bàbá rẹ̀ ní àdúgbò Houinmè. Ẹlẹ́ja ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí, nítorí kì í lọ sí Sèmè-Kpodji, lẹ́bàá ibodè, kó má gbé ẹja yíyan bọ̀. Ẹja náà kì í ṣe irọ́. Ohun tó ń ṣe kó tó ra ẹja, pẹ̀lú àwọn ọkùnrin nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ọtí àwọn awakọ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nílé.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Clémentine, tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ kan, wá bá àwọn obìnrin ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn kan ń fẹ́ òfin: kí iṣẹ́ náà ní ìwé, kí dókítà máa yẹ̀ wọ́n wò, kí ẹni tó bá lù wọ́n má mú un jẹ. "Kí òfin tó dé, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ nílé ìwòsàn."

Adéọlá, àgbà wọn, rẹ́rìn-ín. "Òfin tó bá mọ orúkọ mi, ìyá ọkọ mi náà á mọ̀ ọ́n." Wọ́n jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú, wọn ò parí ẹ̀.

Silifatou fẹ́ lọ ní tirẹ̀. Inú ti ń run ún fún oṣù mẹ́ta, ẹ̀rù sì ń bà á. Àmọ́ ìwé ìbí ni wọ́n ń béèrè, kò sì ní. Lafiatou àbúrò rẹ̀ tó lọ sílé ìwé nìkan ló ní. Nínú agboolé wọn, ìwé ẹnì kan, ìwé gbogbo ìyekan ni: òun ni wọ́n fi tọ́jú ìyá wọn, òun náà ni ìbátan wọn kan fi sọdá ibodè. Silifatou mú un nínú àpótí bàbá wọn. Nọ́ọ̀sì kọ orúkọ Lafiatou àti iṣẹ́ náà sínú ìwé ńlá, ó fún un ní ìwé pélébé kan pẹ̀lú oògùn, ara rẹ̀ sì yá.

Lafiatou wá lóyún. Rachidou ọkọ rẹ̀, télọ̀ tó mọ̀wé, mú un lọ sílé ìwòsàn kan náà. Nọ́ọ̀sì mìíràn ní orúkọ rẹ̀ ti wà níbẹ̀, ó ṣí ìwé ńlá, Rachidou sì fi ojú ara rẹ̀ ka irú iṣẹ́ tí wọ́n kọ síwájú ẹ̀. Lọ́jọ́ náà ló dá ìyàwó padà sí Houinmè. Ó ní òun ò mọ ẹni tó ni oyún.

Bí Silifatou bá sọ̀rọ̀, wọ́n á lé e jáde nílé bàbá rẹ̀. Bó bá dákẹ́, ọmọ àbúrò rẹ̀ ò ní ní bàbá. Ọjọ́ méjì ni kò fi jẹun. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, inú ń bí mi sí i, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, tí àwọn àgbà ìdílé méjèèjì péjọ, ó kúnlẹ̀. "Èmi ni. Ìwé rẹ̀ ni mo fi forúkọ sílẹ̀. Èmi ni mò ń ṣe iṣẹ́ náà." Ó gbé ìwé pélébé náà sórí ẹní.

Rachidou mú un, ó kà á. "Orúkọ ìyàwó mi ló wà níbí, ẹ̀gbọ́n."

Ìyá Rachidou nu ojú. "Ẹ wo ohun tí ẹ̀gbọ́n gidi ń ṣe. Ó fẹ́ fi ara rẹ̀ bo àṣírí àbúrò." Àwọn àgbà mi orí. Silifatou fẹ́ fi Kùránì búra, àbúrò bàbá rẹ̀ gbá a lọ́wọ́ mú, ó ní kó má torí ìfẹ́ búra èké. Silifatou ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn jọ lọ bá nọ́ọ̀sì. Rachidou ní òun ti padà lọ. Àwọn ará ilé ìwòsàn ní àwọn kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó wà nínú ìwé náà, kí àṣírí wọn má baà tú.

Lafiatou, tó mọ̀ pé òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n òun ń sọ, dìde lẹ́bàá ògiri, ó wá kúnlẹ̀ tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Ẹ má parọ́ nítorí mi mọ́."