Bí omi àlùwàlá ṣe pa efinrin ọkọ mi

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́dọ̀ ìkòkò efinrin kan nínú fúláàtì mi ní Peckham, nílùú òyìnbó níbí. Ẹ lè rẹ́rìn-ín o. Èmi náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kó tó di pé mo jókòó sí kíṣìnì tí mo ń sunkún.

Alhaji ọkọ mi ló gbin efinrin náà. Wọ́n rà á ní kékeré lọ́jà Deptford, wọ́n gbé e sí bákónì, wọ́n wá sọ ọ́ di ọmọ. Bákónì yẹn náà làwa méjèèjì ti máa ń ṣe àlùwàlá nígbà ooru. Ẹ sì mọ irú àwa, a kì í fi omi ṣòfò! Bí a bá ti ṣe tán, omi inú bàsíà, ìdí efinrin là ń dà á sí. Ewé rẹ̀ fẹ̀, òórùn rẹ̀ ń ta sánsán.

Alhaji ṣaláìsí lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn Iléyá. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí gbìyànjú gan-an, wọ́n gbé oúnjẹ wá, wọ́n ṣàdúà. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Kálukú padà sẹ́nu shift rẹ̀. Rùkáyà, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, padà sí Bristol níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Ó wá ku èmi, rédíò àti efinrin.

Nígbà tí òtútù dé, mo gbé ìkòkò náà wọ pálọ̀, mo ti fèrèsé pa. Kò pẹ́ sígbà náà ni ewé bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Gbogbo rẹ̀ dorí kodò. Kí lẹ rò pé mo ṣe? Mo ní òǹgbẹ ló ń gbẹ ẹ́, mo bu omi sí i. Ó túbọ̀ rọ. Mo tún bu òmíràn!

Mo ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ èèyàn. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó má fi mí sílẹ̀. Òun nìkan ló kù nínú ilé yìí tó ní ẹ̀mí tí ọwọ́ Alhaji sì ti kàn. Bó bá kú, ó dà bíi pé wọ́n tún fẹ́ sin Alhaji lẹ́ẹ̀kejì lójú mi ni.

Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Rùkáyà lórí WhatsApp. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá kọ ọ̀rọ̀ gígùn ránṣẹ́, àtàǹpàkò ló máa ń fi dá mi lóhùn. Lọ́jọ́ yẹn, fídíò ló pè. Ó ní kí n ti ìka bọ inú iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Mo tì í bọ̀ ọ́. Ẹrẹ̀ ni, ó sì ń rùn!

Ó wá ṣàlàyé fún mi pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ó ní ara ewé ní àwọn ihò tíntìntín tí ojú ò lè rí, ibẹ̀ ni omi ń gbà lọ sínú afẹ́fẹ́. Èyí tó bá jáde lókè ló ń fa òmíràn sókè láti ìdí, bí ọmọdé ṣe ń fi straw fa ohun mímu. Ní bákónì, oòrùn àti afẹ́fẹ́ ń gba omi lára ewé, gbòǹgbò náà ń mu. Nínú pálọ̀ tí oòrùn ò wọ̀, omi ò fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́, èmi sì ń bu omi sí i lọ. Gbòǹgbò ò ráyè mí, ó jẹrà. Gbòǹgbò tó ti jẹrà ò sì lè fa omi, ìyẹn ni ewé ṣe ń rọ. Ẹ gbọ́ nǹkan! Omi ló ń pa á, èmi ń pè é ní òǹgbẹ.

Ó wá bi mí ní ìbéèrè kan.

“Mummy, ẹ̀yin nìkan lẹ wà ńlé now. Báwo ni omi àlùwàlá ẹnì kan ṣe pọ̀ tó báyìí?”

Mi ò lè purọ́ fún ọmọ mi. Kẹ́tù àlùwàlá méjì ló wà nílé wa, tèmi àti ti Alhaji. Látìgbà tí mo ti wọlé wọn, èmi ni mo máa ń pọn omi sínú méjèèjì kí ìrun tó tó. Wọ́n lọ tán, ọwọ́ mi ò yé ṣe é. Bí mo bá ti ṣe tèmi, tiwọn á wà níbẹ̀ ní kíkún. Ṣé kí n wá dà á sí sínkì ni? Ọkàn mi ò gbà á. Efinrin wọn ni mo ń dà á sí, láti ìrun Àsùbáà títí dé ti Iṣai.

Mo wo ojú fóònù. Rùkáyà ti ń nu omijé ojú.

“Èmi náà ṣì máa ń pe phone Daddy,” ó ní. “Mo mọ̀ pé wọn ò lè gbé e.”

Àwa méjèèjì jọ sunkún lọ́jọ́ yẹn. Láti ọjọ́ ìsìnkú, a ò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Mo rò pé ó ti gbàgbé, òun náà rò pé ara mi ti yá!

Mi ò ní tàn yín, efinrin náà kú. Ṣùgbọ́n kó tó kú tán, Rùkáyà ní kí n gé ẹ̀ka méjì tó ṣì le, kí n fi sínú ife omi, kí n fi ọ̀rá tó ń fi inú hàn bò ó, torí kò ní gbòǹgbò tó lè dá omi tí ewé ń pàdánù padà. Nígbà tí mo jí, omi ti sẹ̀ sínú ọ̀rá náà tótòtó. Èémí ewé náà nìyẹn; ó ti pẹ́ tí mo ti rí nǹkan mìíràn tó ń mí nínú ilé yìí kẹ́yìn, yàtọ̀ sí èmi. Gbòǹgbò funfun ti yọ báyìí, Rùkáyà sì ń bọ̀ wá mú ọ̀kan.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé omi tí kò rí ọ̀nà jáde lè pa ẹ̀dá. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí, mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kí mi lójú títì Rye Lane pé a dúpẹ́, mo wà dáadáa. Irọ́ ni! Àárò Alhaji ń sọ mí gan-an ni.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ṣì ń pọn omi sílẹ̀ dè nílé yín? Ẹ kọ ọ́ síbí fún mi, ì báà jẹ́ orúkọ wọn nìkan. Mo wà nílé, mo máa kà á.